Kòkòrò Inú Ara: Èwo Ni Ká Pa, Èwo Ni Ká Bọ́?

Bí ẹ bá gba inú ọjà Àtakúnmọ̀sà kọjá ní Iléṣà, kò ní pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ohùn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó àgbo: "Ó ń fọ inú! Ó ń lé gbogbo kòkòrò jáde! Jẹ̀díjẹ̀dí ò ní ṣẹ́kù!" Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, ẹ ó rí páálí kékeré kan lórí àtẹ tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù bakitéríà alààyè ló wà nínú kápúsù kọ̀ọ̀kan. Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á. Ẹnì kan ń ta ohun tí yóò pa kòkòrò inú, ẹnì kejì ń ta kòkòrò tí a ó gbé mì. Oníbàárà kan náà sì lè ra méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà rújú lóòótọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé kòkòrò ló ń fa àìsàn, ká fọwọ́, ká se omi. Àfi bí rédíò àti WhatsApp ṣe tún gbé e dé pé bakitéríà kan wà tó ń ṣe ara lóore. Èwo ni ká wá gbà? Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ àwọn èèyàn ni mo ń wò jẹun, ẹ jẹ́ kí n là á bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Bí mo bá ha ara eyín mi díẹ̀ láàárọ̀ kí n tó rinyín, mo lè nù ún sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan, kí n gbé gíláàsì náà kọjá lórí iná kí ohun tí mo nù lè lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni aró yóò kàn án: aláwọ̀ àlùkò ló ń kọ́kọ́ lọ, ayodíìnì tẹ̀ lé e, mo fi sípírítì ṣàn án, mo wá fi aró pupa kádìí rẹ̀. Ní ojú lásán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àbàwọ́n lọ. Lábẹ́ máíkíróskóòpù, ibẹ̀ kún fọ́fọ́: àwọn róbótó aláwọ̀ àlùkò tó so mọ́ra wọn, àwọn gbọọrọ pupa, àwọn tó tẹ̀ kọrọdọ. Eyín kan péré nìyẹn, lẹ́nu ẹni tí kò ṣàìsàn. Ní 1683, ọkùnrin kan ní ìlú Delft, ní ilẹ̀ Netherlands, Antonie van Leeuwenhoek, ha ara eyín tirẹ̀ náà, ó sì fi dígí tí òun fúnra rẹ̀ dán wò ó. Iṣẹ́ aṣọ títà ló ń ṣe, iṣẹ́ tí àwa Ìjẹ̀ṣà mọ̀ dunjú, kì í ṣe dókítà. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn ẹ̀dá kéékèèké ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ohun tí òun ha kúrò lẹ́nu.

Awọ ara wa ní tirẹ̀, imú ní tirẹ̀, ojú ara obìnrin ní tirẹ̀. Inú ìfun ńlá ni wọ́n pọ̀ sí jù. Agbẹ̀du kò gbà wọ́n púpọ̀ torí omi kíkan inú rẹ̀. Bakitéríà ló pọ̀ jù nínú èyí tí a mọ̀ dáadáa, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ìbátan ìwúkàrà náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn lápapọ̀, pẹ̀lú ohun àjogúnbá tó wà nínú wọn, ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní microbiome.

Ẹ ó ti gbọ́ pé ìlọ́po mẹ́wàá ni wọ́n fi ju sẹ́ẹ̀lì ara wa lọ. Ẹ gbé e jù nù. Lọ́dún 2016, Ron Sender, Shai Fuchs àti Ron Milo jókòó tún un ṣírò: ọkùnrin tó wọn nǹkan bí kílò 70 ní bakitéríà tó tó tírílíọ̀nù 38, sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ sì tó tírílíọ̀nù 30. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí a bá kó gbogbo bakitéríà yẹn sórí òṣùwọ̀n, wọn ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kílò lọ.

Ní 2007, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan láti mọ àwọn tó ń gbé ara ẹni tí ara rẹ̀ dá. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2012, wọ́n ti yẹ àgbàlagbà 242 wò. Tẹnì kan kò bá tẹnì kejì mu. Èyí tó sì ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé àwọn tí ara wọn le koko yìí ru kòkòrò tí ìwé ìṣègùn kà sí afàìsàn. Ó wà lára wọn, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyí. A ti rò pé kòkòrò pín sí méjì, rere lọ́tọ̀, búburú lọ́tọ̀, bí ẹni pé a kọ ọ́ sí wọn níwájú orí. Ẹ wo E. coli. Ó wà nínú ìfun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wa, kò sì sí wàhálà. Kó ṣèèṣì gba ojú ihò ìtọ̀ wọnú àpò ìtọ̀ ni, ìtọ̀ á máa ta èèyàn, ìsàlẹ̀ ikùn á máa dunni, nígbà mìíràn ibà á tẹ̀ lé e. Nínú ìtọ̀ tí wọ́n ń gbé wá fún wa láti yẹ̀ wò, òun la máa ń bá jù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún obìnrin pé kó máa nùdí láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yà E. coli mìíràn sì tún wà tó ń ṣe májèlé, tó ń bá omi ìdọ̀tí àti ẹran tí kò jinná wọlé. Orúkọ wọn kan náà ni, ìwà wọn ò jọra rárá.

Tàbí Helicobacter pylori tó ń gbé agbẹ̀du. Àwọn dókítà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé àníyàn àti omi kíkan ló ń fa ọgbẹ́ inú, ìyẹn ọ́lṣà. Barry Marshall àti Robin Warren ní ilẹ̀ Ọsirélíà sọ pé bakitéríà ni. Wọ́n ò dá wọn lóhùn. Ni Marshall bá po bakitéríà náà sínú omi lọ́dún 1984, ó sì gbé e mu. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ inú rẹ̀ ti dàrú, wọ́n sì rí kòkòrò náà nínú agbẹ̀du rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àtidán nǹkan wò, ẹ má ṣe é.) Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Síbẹ̀, láti ọmọdé ni ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà ti kó kòkòrò yìí, púpọ̀ nínú àwọn tó ru ú kì í sì í ní ọ́lṣà títí ayé wọn. Ẹni tó bá ti ní ọgbẹ́, kí ó gba ìtọ́jú tí yóò pa á. Ẹni tí kò ní àmì kankan, tó kàn ń fi ìwé àyẹ̀wò sunkún kiri, kó kọ́kọ́ fara balẹ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà oníṣègùn wa kò ní máíkíróskóòpù, àmọ́ wọ́n ní èrò kan tí mo fẹ́ràn. Wọ́n ní kòkòrò wà nínú ara olúkúlùkù, ó ní àpò tó ń gbé, ó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìgbà tó bá pọ̀ kọjá ìwọ̀n, tó kún àpò rẹ̀ tó ń ṣàn jáde, ni àìsàn dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kìlọ̀ fúnni nípa adùn, tí àgbo wọn sì ń korò: kó lè dín in kù ni. Ẹni tó ń pariwo lọ́jà pé òun ń lé gbogbo kòkòrò jáde ti kọjá ibi tí àwọn baba rẹ̀ dé. Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ aràn. Wọ́n máa ń sọ pé aràn ló ń bá wa da oúnjẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aràn ń bá ọmọ jẹ oúnjẹ rẹ̀, òmíràn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn aràn tí wọ́n ń pín nílé ìwé, ẹ jẹ́ kí ọmọ lò ó.

Kí wá ni àwọn bakitéríà inú ìfun ń ṣe? Ẹ̀wà tí ẹ jẹ lálẹ́ àná ní irú ṣúgà kan tí ìfun kékeré kò lè dà. Odindi ló ń sọ̀kalẹ̀ dé ìfun ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á jẹ, afẹ́fẹ́ sì jáde, ẹni tó jókòó tì yín sì mọ̀. Ẹ dárí jì wọ́n, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà. Bí wọ́n ti ń jẹ fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí ikùn tiwa kò lè dà, ni wọ́n ń ṣe àwọn ásíìdì mẹ́ta kan: acetate, propionate àti butyrate. Butyrate yìí ni sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun ńlá gbára lé jù fún oúnjẹ. Ìyẹn ni pé bakitéríà ló ń bọ́ awọ inú ìfun wa, àwa la sì ń bọ́ bakitéríà. Tí a kò bá fún wọn ní nǹkan kan ńkọ́? Nínú eku tí wọ́n fún ní oúnjẹ tí kò ní fáíbà, àwọn kan nínú wọn yíjú sí ìkun tó bo awọ ìfun, wọ́n ń jẹ ẹ́, awọ náà sì wá ń ṣí sílẹ̀ fún àìsàn láti wọlé.

Wọ́n tún ń ṣe fítámì K àti díẹ̀ nínú fítámì B. Wọ́n ń gba àyè tí kòkòrò àjèjì ì bá gbà. Wọ́n sì ń kọ́ agbára ìdáàbòbò ara ní ẹni tó yẹ kó bá jà àti ẹni tó yẹ kó fi sílẹ̀. Eku tí wọ́n tọ́ nínú ilé tí kò sí kòkòrò kankan, agbára yìí kì í gbó lára rẹ̀.

Lọ́dún 2015, Stephen O'Keefe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n pàrọ̀ oúnjẹ fún àwọn èèyàn. Ogún ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú láti Pittsburgh jẹ oúnjẹ àwọn ará oko Gúúsù Áfíríkà fún ọ̀sẹ̀ méjì, fáíbà wọn sì gòkè láti gíráàmù 14 sí 55 lójúmọ́. Ogún ará oko náà jẹ ẹran àti ọ̀rá ti Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn àmì tí a mọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá ti dín kù lára àwọn ará Pittsburgh, butyrate wọn sì ti pọ̀ sí i. Ti àwọn ará oko yí padà sí burúkú. Kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sọ pé jẹjẹrẹ yóò mú ẹnì kan tàbí kò ní mú un, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ bí nǹkan ṣe ń yára yí.

Nílé níbí náà, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ítálì gbé ìwádìí jáde ní 2018 lórí àwọn Bassa tó ń gbé abúlé lẹ́bàá Àbújá àti àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ìlú ńlá. Oríṣiríṣi tó wà nínú ìfun àwọn ará abúlé pọ̀ ju ti ará ìlú lọ. Ẹ má wá torí ìyẹn lọ mu omi odò o. Oúnjẹ wọn ni kí ẹ wò, ẹ fi omi wọn sílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi Ìjẹ̀ṣà, ẹ má bínú, iyán lásán kò tó. Iyán tí ẹran mẹ́ta jókòó lé, tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò ní ewé kankan, díẹ̀ ló ń dé ìsàlẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ewúro, ilá, ẹ̀wà, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, ọsàn tí a jẹ tòun ti ṣákítí rẹ̀ dípò ká fún omi rẹ̀ mu, ìwọ̀nyí ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Kódà iṣu sísè tó ti tutù mọ́jú ń fún wọn ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, torí apá kan nínú ohun tó wà nínú rẹ̀ ti le débi tí ìfun kékeré kò fi lè dà á mọ́.

Ọmọ ìkókó ni ọ̀rọ̀ náà hàn lára rẹ̀ jù. Nínú wàrà ọmú, yàtọ̀ sí omi, ṣúgà rẹ̀ ló pọ̀ jù, ọ̀rá tẹ̀ lé e, ohun tó wá pọ̀ ṣe ìkẹta ni oríṣiríṣi ṣúgà kan tí ọmọ kò lè dà rárá. Ta ni ìyá wá ń pèsè rẹ̀ fún? Bakitéríà tó ń jẹ́ Bifidobacterium ló ń jẹ ẹ́, òun ló sì ń gba ìfun ọmọ tó ń mu ọmú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin màmá àgbà tí ẹ ń fi ṣíbí ro àgbo sẹ́nu ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì, ìfẹ́ ló ń ṣe yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ọmọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ bí máa ń kọ́kọ́ ní kòkòrò tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ọmọ tí ìyá fúnra rẹ̀ bí; ìyàtọ̀ náà ń dín kù bó ti ń dàgbà. Kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù ba abiyamọ. Tí ọmọ bá fi máa tó ọdún mẹ́ta, tirẹ̀ ti ń jọ ti àgbàlagbà.

Iléṣà ní ìtàn nínú títọ́ ọmọ. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti dá ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, tó ń fi ìwọ̀n ọmọ sórí káàdì kí ìyá fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ọmọ ń lọ sókè tàbí ó ń rẹ̀ sílẹ̀. Irú káàdì yẹn tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìṣòro kan wà tí káàdì kò lè ṣàlàyé: àwọn ọmọ tí wọ́n bọ́, tí wọn kò sì dìde dáadáa. Ní 2013, ìwádìí lórí àwọn ìbejì ní Màláwì, tí ọ̀kan ní kwashiorkor, àìsàn àìjẹunrekánú, tí èkejì kò ní, fi hàn pé kòkòrò ìfun wọn yàtọ̀. Wọ́n fi ti ọmọ tó ń ṣàìsàn sínú eku, wọ́n fún eku náà ní oúnjẹ àwọn ará Màláwì, eku sì rù hangogo. Ní 2021, Jeffrey Gordon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bangladesh sọ àbájáde oúnjẹ kan tí wọ́n pò láti fi bọ́ àwọn bakitéríà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣaláìní. Ẹ̀pà wà níbẹ̀, sóyà wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní chickpea. Àwọn ọmọ tó jẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́ta sanra ju àwọn tó jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni oúnjẹ tẹ́lẹ̀ náà ló ní agbára jù. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn, a ń tà á lọ́jà wa lójoojúmọ́.

Ká wá sórí oògùn apakòkòrò, ibi tó ń dùn mí jù. "Inú ń run mí, ẹ bá mi di Flagyl." "Méjì méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́." Kò sí ìbéèrè kan ju ìyẹn lọ. Metronidazole ni oògùn tó wà nínú Flagyl. Ó ń pa amíbà, ó sì ń pa àwọn bakitéríà tí kì í gbé níbi tí atẹ́gùn bá wà. Irú àwọn tí kò fẹ́ atẹ́gùn yìí ló sì kún ìfun ńlá. Ti Ampiclox, apakòkòrò mìíràn, tún kọjá bẹ́ẹ̀: wọ́n ń lò ó sí inú rírun nǹkan oṣù, àwọn ọmọbìnrin kan ń gbé e mì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má baà dúró. Kì í dá oyún dúró. Kì í ṣe oògùn nǹkan oṣù.

Ní Denmark, wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin 12 tí ara wọn le ní apakòkòrò mẹ́ta tó lágbára fún ọjọ́ mẹ́rin, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2018. Ní bí oṣù kan ààbọ̀, ọ̀pọ̀ nínú bakitéríà wọn ti padà. Mẹ́sàn-án nínú àwọn tí gbogbo wọn ní tẹ́lẹ̀ kò tíì padà fún ọ̀pọ̀ lára wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ara ń tún ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe tán pátápátá.

Nígbà mìíràn kì í tún un ṣe rárá. Àgbẹ̀ olóko kòkó lọ́nà Ìpetu yóò tètè yé e: bí a bá fi oògùn apakoríko jó ilẹ̀ lódindi, ẹ̀kan ló ń kọ́kọ́ gba oko, torí gbòǹgbò rẹ̀ kò kú, kò sì sí igi tó máa ṣíji bò ó mọ́. Bakitéríà tó ń jẹ́ Clostridioides difficile ni ẹ̀kan inú ìfun. Ó ní èso líle tí apakòkòrò kò lè pa. Nígbà tí àwọn yòókù bá ti kú tán, yóò hù, yóò máa tú májèlé, ìgbẹ́ gbuuru tó le yóò bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pa arúgbó. Ẹ fún un ní apakòkòrò mìíràn, ó lè lọ fúngbà díẹ̀ kó tún padà.

Ìtọ́jú tó wá ń borí rẹ̀ máa ń mú kí àwọn èèyàn dijú: ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ń fi sínú ìfun aláìsàn. Ben Eiseman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denver ti ròyìn rẹ̀ lórí aláìsàn mẹ́rin láti 1958. Ní 2013, àwọn dókítà Netherlands fi wé vancomycin, oògùn apakòkòrò kan: nínú aláìsàn 16 tó gba ìgbẹ́, 15 ló gbádùn, nínú 13 tó lo oògùn nìkan, mẹ́rin ló gbádùn. Wọ́n tètè dá àyẹ̀wò náà dúró, torí ìyàtọ̀ ti hàn gbangba. Ní 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ oògùn ṣe, ti kápúsù sì tẹ̀ lé e ní 2023. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò nílé. Ní 2019, aláìsàn kan kú ní Amẹ́ríkà torí pé ìgbẹ́ tí wọ́n fún un ní E. coli tí oògùn kò ràn, wọn kò sì tíì yẹ̀ ẹ́ wò fún un.

Ẹ̀yin obìnrin, tiyín tún yàtọ̀ díẹ̀, mo sì máa sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀. Nínú ìfun, oríṣiríṣi ló dára. Nínú ojú ara, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sàn kí ìdílé kan pọ̀ níbẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ìyẹn Lactobacillus. Ó ń ṣe ásíìdì tó ń jẹ́ kí ibẹ̀ kan, kíkan yẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò ráyè. Ẹni tó ń fi ọṣẹ fọ inú lọ́hùn-ún, tàbí álọ́ọ̀mù kí ibẹ̀ lè fún, tàbí omi apakòkòrò tí a fi ń nulẹ̀, ń lé Lactobacillus jáde. Àwọn mìíràn á gba ipò rẹ̀, omi á máa dà, òórùn ẹja á máa jáde. Obìnrin náà á sì tún lọ fọ̀ ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń yípo nìyẹn. Yàtọ̀ sí òórùn, ipò yìí ń jẹ́ kó rọrùn láti kó HIV, ó sì lè jẹ́ kí aboyún bímọ ṣáájú oṣù. Omi lásán, lóde nìkan, ti tó. Òórùn tí kò bá lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ògì ńkọ́? Àgbàdo tí ìyá ológì rẹ sómi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, tó lọ̀, tó fi aṣọ sẹ́, tó fi sílẹ̀ kó tòrò, bakitéríà ló ń sọ ọ́ di kíkan. Kò sẹ́ni tó rà wọ́n wá. Ara àgbàdo àti ara ike ni wọ́n ti wá. Lactobacillus àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Omidún tó lé sókè máa ń kan débi pé kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kì í lè ṣe dáadáa nínú rẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn sì ti dán èyí wò nínú yàrá àyẹ̀wò. Àmọ́ ẹ̀kọ gbígbóná tí ẹ ń fi àkàrà jẹ, ẹ ti se wọ́n pa. Omidún tútù náà kò sì mọ́ ju omi tí wọ́n fi ṣe é lọ. Mo fẹ́ràn ògì, oúnjẹ gidi ni, mi ò kàn lè pè é ní oògùn.

Kápúsù bakitéríà olówó gọbọi ńkọ́? Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ikùn ní Amẹ́ríkà yẹ gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ àìsàn ikùn, wọn kò dámọ̀ràn rẹ̀, àfi fún ìwọ̀nba díẹ̀. Bakitéríà kan tàbí méjì tí ẹ gbé mì máa ń kọjá lọ ni. Owó yẹn yóò ra ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tó pọ̀. Bákan náà ni àwọn tó ń sọ pé kòkòrò inú ló ń fa ìsanra, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà, pé àwọn lè wò ó láti ara ìgbẹ́. Eku tí wọ́n fún ní kòkòrò ìfun ẹni tó sanra ń sanra lóòótọ́, ìwádìí tó jáde ní 2013 fi èyí hàn. Eku ni. Ẹni tó bá ń tà á fún yín bíi pé ó ti parí, ẹ bi í ẹni tó wò sàn.

Fún ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, apakòkòrò kò sì ràn án. Rotavirus ló máa ń ṣáájú wọn. Àjẹsára rẹ̀ ti wà lára ti ọmọdé ní Nàìjíríà láti oṣù kẹjọ 2022. Ohun tí ọmọ nílò ni ORS, àpò kan sínú lítà omi mímọ́ kan, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kí ọmú má sì dúró. Zinc á tẹ̀ lé e fún ọjọ́ 10 sí 14, mílígíráàmù 20 lójúmọ́, 10 fún èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan mọ́, ilé ìwòsàn kíákíá. Níbẹ̀, apakòkòrò lè di dandan, bó ṣe jẹ́ dandan fún tàífọ́ọ̀dù tòótọ́ àti òtútù àyà, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀ nígbà náà. Iye ọjọ́ tí dókítà bá kọ ni kí ẹ lò ó.

Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ gbé ìgbẹ́ wá fún wa, ẹ gbà á kí aláìsàn tó gbé oògùn kankan mì, sínú ike tí a fún yín, kí ẹ gbé e dé láàárín wákàtí méjì. Ìwọ̀n èso ẹ̀pà kan ti tó. Kò dìgbà tí ẹ bá kún ike náà dé ẹnu.